Àṣìṣe tí àwọn ọmọ wa ń ṣe bí wọ́n bá ń wá ẹni tí yóò kọ lẹ́tà ìjẹ́rìí fún ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ní Amẹ́ríkà

Èyí tó ń ṣe wọ́n léṣe jù ni wíwá orúkọ ńlá. Ọmọ yóò fi olùkọ́ tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ní láàbù sílẹ̀, yóò sáré tọ olórí ẹ̀ka tó kọ́ ọ ní gbọ̀ngàn tí 300 akẹ́kọ̀ọ́ kún. Kí ni ẹni yẹn fẹ́ kọ? Pé ó gba A, pé kì í pẹ́ dé. Àwọn tó ń ka lẹ́tà sì ti rí A yẹn nínú ìwé èsì rẹ̀. Ohun tí ojú ẹnìkan rí ni wọ́n ń wá: pé iṣẹ́ láàbù rẹ dàrú lọ́jọ́ Jímọ̀, o padà wá lọ́jọ́ Ajé, o wá ibi tó ti wọ́, o sì fara balẹ̀ ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹni tẹ́ ẹ jọ ń ṣe é. Ẹni tó lè kọ irú èyí ni kó o lọ bá, ì báà má tíì di ọ̀jọ̀gbọ́n àgbà.

Ìtìjú wà ńbẹ̀ pẹ̀lú. A tọ́ wa pé ọmọdé kì í dédé lọ yọ àgbà lẹ́nu. Àmọ́ ní yunifásítì Amẹ́ríkà, olùkọ́ máa ń ya wákàtí sọ́tọ̀ lọ́sẹ̀ tí akẹ́kọ̀ọ́ lè wá bá wọn ní ọ́fíìsì. Ẹni tí kò yọjú, wọn ò lè mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yin òbí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún ọmọ yín pé lílọ síbẹ̀ kì í ṣe àfojúdi.

Má kàn béèrè pé, “Ṣé ẹ lè kọ lẹ́tà fún mi?” Béèrè bóyá wọ́n mọ̀ ọ́ débi tí wọ́n fi lè kọ èyí tó lágbára. Bí wọ́n bá ń lọ́ tìkọ̀, dúpẹ́, kó o wá ẹlòmíràn. Má bẹ̀ wọ́n rárá. Òfin FERPA ti ọdún 1974, òfin Amẹ́ríkà lórí àkọsílẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́, fún ọ láyè láti rí lẹ́tà náà, ṣùgbọ́n ohun tó dáa ni kó o fi ẹ̀tọ́ yẹn sílẹ̀, kí àwọn tó ń kà á lè gbà pé òótọ́ ni olùkọ́ sọ.

Ọ̀pọ̀ ilé ìwé ń fẹ́ olùkọ́ sáyẹ́ǹsì méjì àti ẹnìkan tí kì í ṣe ti sáyẹ́ǹsì. Wo ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sọ. Lẹ́tà pásítọ̀ tàbí ti ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ tó jẹ́ dókítà kò lè rọ́pò wọn. Bí yunifásítì rẹ bá ní ìgbìmọ̀ tó ń kọ lẹ́tà fún àwọn tó fẹ́ ṣe ìṣègùn, má fo ìgbìmọ̀ náà, nítorí ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn lè bi ọ́ ní ìdí.

AMCAS, ètò tí wọ́n fi ń gba fọ́ọ̀mù ìwọlé fún ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ní Amẹ́ríkà, gba lẹ́tà tó tó 10. Má torí ìyẹn kó lẹ́tà jọ.

Oṣù karùn-ún ni fọ́ọ̀mù máa ń ṣí. Tọ àwọn olùkọ́ lọ láti oṣù kejì tàbí ìkẹta. Bí lẹ́tà kan bá pẹ́, má tìtorí rẹ̀ dá fọ́ọ̀mù dúró. AMCAS kì í dúró de lẹ́tà kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí yẹ fọ́ọ̀mù rẹ wò.