Àṣìṣe tó máa ń ba kúbùsù ìrù ẹja jẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ kíróṣè

Ẹni tó bá ti mọ oríṣi ojú mẹ́ta tí a ń fi ìkọ́ hun nínú kíróṣè dáadáa, ìyẹn ṣéènì, single crochet (ojú kúkúrú) àti double crochet (ojú tó ga jù ú lọ), lè hun kúbùsù ìrù ẹja, èyí tó rí bí àpò gígùn tí èèyàn ń ki ẹsẹ̀ bọ̀, tó ní lẹbẹ nísàlẹ̀. Èyí tó rọrùn jù ni kí ẹ hun ún pẹlẹbẹ láti ìbàdí wálẹ̀, kí ẹ wá rán ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pọ̀. Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá bátànì yín jẹ́ ti Amẹ́ríkà tàbí ti Gẹ̀ẹ́sì: ohun tí Amẹ́ríkà ń pè ní single crochet ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní double crochet. Ti Amẹ́ríkà là ń lò níbí.

Ojú àkọ́kọ́ àti ojú ìkẹyìn ni àṣìṣe tó burú jù ti ń wá. Nínú double crochet, ṣéènì 3 tí a fi ń gòkè lọ sí ìlà tuntun ló dúró fún ojú àkọ́kọ́. Torí náà, tí ẹ bá ti yí iṣẹ́ padà, ẹ fo ojú tó wà nídìí ṣéènì yẹn, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tó tẹ̀ lé e. Tí ẹ bá dé òpin ìlà, orí ṣéènì 3 ti ìlà ìṣáájú lẹ ó ti hun ojú ìkẹyìn. Ó máa ń ká sẹ́yìn, kì í jọ ojú rárá, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń fò ó. Ẹni tó bá ń fò ó ń pàdánù ojú kan ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Tí ojú 13 bá ń gba 10 cm, lẹ́yìn ìlà 20, ìbú kúbùsù á ti fi nǹkan bíi 15 cm dín. Ẹni tó sì ń hun sínú ojú ìdí ṣéènì á máa fi ojú kan kún un. Gbàrà tí ẹ bá ti ṣe ṣéènì 3 tán, ẹ fi òwú aláwọ̀ mìíràn ṣàmì sórí rẹ̀, kí ẹ sì máa ka ojú lẹ́yìn ìlà méjì-méjì.

Ẹ má fo ìdánwò. Ẹ hun 15 cm lóròó àti níbùú, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ jẹ́ kó gbẹ, kí ẹ wá ka ojú tó wà nínú 10 cm láàárín rẹ̀. Etí kì í dọ́gba. Tí bátànì bá ní ojú 100, tó sì ń retí ojú 13 nínú 10 cm, yípo rẹ̀ á jẹ́ 77 cm. Tí ọwọ́ yín bá le tí ẹ fi rí 15, 67 cm péré lẹ máa bá, kò sì ní gba ìdí. Ẹ lo ìkọ́ tó fi 0.5 mm tóbi jù, kí ẹ tún dán an wò. Ibi tí ìdí ti fẹ̀ jù ni kí ẹ wọ̀n, kì í ṣe ìbàdí.

Ṣéènì ìpìlẹ̀ tó le máa ń fún ẹnu àpò náà. Ìkọ́ ńlá ni kí ẹ fi ṣe é, kí ẹ padà sí tiyín tí ẹ bá fẹ́ hun ìlà àkọ́kọ́ lé e lórí.

Bí ẹ bá ń dín ojú kù lọ sí ọrùn ẹsẹ̀, ẹ má dín in ní ìlà tó tẹ̀ léra, torí á ṣù lójijì, ẹsẹ̀ ò sì ní wọlé. Ẹ hun ojú méjì pọ̀ di ọ̀kan ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ṣùgbọ́n ẹ fi ojú kan sílẹ̀ létí, kí ibi ìrán lè mọ́.

Òwú onírun wuni, àmọ́ ó ń bo ojú mọ́lẹ̀, títú rẹ̀ sì máa ń já irun rẹ̀. Òwú dídán tí àwọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀ àti ìkọ́ 5 sí 6 mm ló dáa fún èyí àkọ́kọ́. Ẹ ra gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí nọ́ńbà aró tó wà lára bébà rẹ̀ bára mu.

Ẹ má kàn ta kókó sí òpin òwú. Ẹ ṣẹ́ 15 cm kù, kí ẹ fi abẹ́rẹ́ rán an lọ, rán an bọ̀. Òwú acrylic, ìyẹn òwú oníke, kì í fẹ́ áyọ́ọ̀nù gbígbóná: á yọ́, á tẹ́, kò sì ní padà mọ́.

Kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan má fi sùn, kí ọmọ tó ti ń rìn má sì wọ̀ ọ́ rìn.