Iná Kérésì tó fẹ́ bá ètò mi jẹ́, àti ìdí tí mo fi ń tú páálí ọ̀ṣọ́ wò láti oṣù Kẹwàá

Tẹ́ ẹ bá dúró di ìgbà tí gbogbo ayé ń ra iná Kérésì, owó tí kò yẹ kẹ́ ẹ san lẹ máa san. Ó ṣẹlẹ̀ sí mi, inú sì ń bí mi títí di bí mo ṣe ń kọ èyí. Iná tí mo rí ní pọ̀ọ́kú nígbà tí ọdún ṣì jìnnà ti di ọ̀wọ́n gógó nígbà tí mo padà lọ rà á. Mo san án, mi ò jiyàn. Mo gbé e délé, ó tàn díẹ̀, ó kú fin-ín. Nígbà tí mo gbé e padà, ẹni tó tà á fún mi ní ọjà iná tó bá ti kúrò lọ́wọ́ òun kì í padà, àti pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ èmi ni mo fà á já. Èmi tí mi ò tíì so ó mọ́ igi! Orí ilẹ̀ pálọ̀ ló kú sí.

Bẹ́ẹ̀ ohun tí mo fẹ́ ṣe ò le rárá. Mo fẹ́ kí igi Kérésì wa ti wà ní ìdúró, kí iná sì ti máa tàn lára ẹ̀, kí Sọ́ńdè àkọ́kọ́ nínú Ádífẹ́ntì, ìgbà tí a fi ń dúró de Kérésì, tó mọ́.

Ká tó fẹnu kò sí ọjọ́ yẹn, ọ̀rọ̀ ti pọ̀ nílé. Ní ti àwọn ọmọ, ọjọ́ tí wọ́n bá ti gbọ́ orin Kérésì àkọ́kọ́ níta ló yẹ ká gbé igi jáde, ì báà jẹ́ ìparí oṣù Kẹwàá. Màmá ọkọ mi ò gbà. Wọ́n ní ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù Kejìlá ni ọ̀ṣọ́ ń jáde, kó wà nílẹ̀ di ọjọ́ kẹfà oṣù Kìn-ín-ní. “Ìyàwó mi, ẹ ò tíì bí ọmọ, ẹ ti ń sọ ọ́ lórúkọ.” Ọ̀rọ̀ wọn ní ìdí. Ìgbà ìdúródè ni Ádífẹ́ntì, ọjọ́ Kérésì gan-an ni ayọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ méjìlá ló sì fi ń lọ. Ní Jámánì, ọ̀pọ̀ ìdílé ló jẹ́ pé ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹrìnlélógún yẹn náà ni wọ́n máa ń jẹ́ kí àwọn ọmọ kọ́kọ́ rí igi tó ń tàn. Ní Ítálì ní tiwọn, ọjọ́ kẹjọ oṣù Kejìlá, tí í ṣe àjọ̀dún Màríà, ni ọ̀pọ̀ wọn ń gbé e kalẹ̀. Àwọn Kristẹni Ọ́tọ́dọ́ọ̀sì tó ń lo kàlẹ́ńdà àtijọ́ sì wà, ọjọ́ keje oṣù Kìn-ín-ní ni Kérésì tiwọn. Kò sí ọjọ́ kan tí ẹnikẹ́ni lè fi bú ẹlòmíì.

Èmi yan Ádífẹ́ntì nítorí pé ó wà láàárín. Ìgbà tí a gbé e jáde ní kùtùkùtù oṣù Kọkànlá rí, kí ọdún tó dé ojú gbogbo wa ti mọ́ ọn débi pé ó ti dà bí àga. Kò sẹ́ni tó ń wò ó mọ́. Tó bá sì jẹ́ ọjọ́ kẹrìnlélógún ni, ìdáná, àlejò àti aṣọ ọmọ á ti gba gbogbo ọwọ́ mi, ta ló máa wá gun àpótí lọ fi ìràwọ̀ sórí igi? Sọ́ńdè mẹ́rin ṣáájú Kérésì ni Ádífẹ́ntì ń bẹ̀rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá kà á sẹ́yìn lórí kàlẹ́ńdà, ẹ ó rí i pé àárín ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù Kọkànlá sí ọjọ́ kẹta oṣù Kejìlá ló máa ń bọ́ sí. Ìyẹn fi nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin sílẹ̀, ó sì tó fún àwọn ọmọ láti máa retí. Ní 1839, ní Hamburg, pásítọ̀ kan tó ń tọ́jú àwọn ọmọ tálákà, Johann Hinrich Wichern, gbé àgbá kẹ̀kẹ́ kọ́, ó to àbẹ́là sí i lára, wọ́n ń tan ọ̀kan lójoojúmọ́ kí àwọn ọmọ lè máa fojú ara wọn ka iye ọjọ́ tó kù. Ohun tí mo fẹ́ kí igi wa máa ṣe fún tèmi náà nìyẹn.

Ẹni tó bá ń lo igi gidi tí wọ́n gé lóko, tirẹ̀ yàtọ̀. Igi bẹ́ẹ̀ kì í sábà kọjá ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí márùn-ún nínú ilé kó tó gbẹ, ìyẹn sì ni tí ẹ bá ré ìdí ẹ̀ díẹ̀ kẹ́ ẹ tó kì í bọ omi, tẹ́ ẹ sì ń bu omi sí i lójoojúmọ́. Igi gbígbẹ tí iná wà lára ẹ̀, ewu ni. Tiwa kì í ṣe gidi, mi ò níṣòro ìyẹn.

Bí a ṣe to igi fúnra ẹ̀, mi ò ní fi dá yín dúró. Ẹsẹ̀ ẹ̀ kọ́kọ́, lẹ́yìn náà ìpele kan tẹ̀ lé èkejì, ká wá fọwọ́ tẹ ẹ̀ka ọ̀kọ̀ọ̀kan síta kí igi lè kún. Gbogbo ilé ló ṣe é, kò pẹ́. Iná ló kàn, torí iná gbọ́dọ̀ ṣáájú bọ́ọ̀lù àti ríbọ́ọ̀nù. Ibẹ̀ ni ìyà ti bẹ̀rẹ̀.

Mo ki iná wa àtijọ́ bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì. Ìdajì tàn, ìdajì yòókù ṣókùnkùn biribiri. Bẹ́ẹ̀, ó tàn geere nígbà tí a kó o pa mọ́, kò sì sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án látìgbà náà. Bàbá àwọn ọmọ ní ká ra tuntun jàre, ká yé da ara wa láàmú. Èyí tí mo rà nìyẹn, èyí tó kú kí ilẹ̀ tó ṣú. Fíúsì inú pílọ́ọ̀gì ẹ̀ ò jó, mo tú u wò. Wáyà ẹ̀ ò já. Ọjà tí kò dáa ni wọ́n fi gba owó ọdún lọ́wọ́ mi, kò tún ní orúkọ míì. Sátidé náà lọ bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ lọ sùn láìrí iná, igi dúró sí igun pálọ̀ láìsí nǹkan kan lára. Sọ́ńdè Ádífẹ́ntì tí mo ṣètò gbogbo ẹ̀ fún wá bá wa bẹ́ẹ̀.

Lọ́sàn-án Sọ́ńdè ni mo pinnu pé mi ò ní ra iná tuntun mọ́, pé màá tún èyí tó wà nílẹ̀ ṣe. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí, torí ó máa gbà yín lọ́wọ́ irú ẹni tó tà tèmi fún mi. Gílóòbù 100 ló wà lára iná wa, ṣùgbọ́n ọ̀nà méjì ni iná ń gbà nínú ẹ̀, 50 ní ọ̀nà kan, 50 ní èkejì. Ìdí tí ìdajì fi ń kú lódindi nìyẹn. Àwọn 50 yìí so kọ́ra, iná ń ti inú ọ̀kan bọ́ sínú èkejì, tó bá já níbì kan gbogbo ìlà náà ti kú. Ibi tí iná ilé bá ti jẹ́ 120 fólítì, àwọn 50 náà ló ń pín in láàárín ara wọn, nǹkan bíi 2.4 ló ń kan ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ wo ara páálí, 2.5 fólítì lẹ máa rí. Èyí tó bá jẹ́ 35 lórí ìlà, gílóòbù 3.5 ló ń lò. Wọn kì í ṣe ẹgbẹ́ ara wọn, bí wọ́n tiẹ̀ jọra lójú.

Mo rò pé gílóòbù tó jó ni màá wá. Kì í ṣe òun. Nínú gílóòbù kéékèèké wọ̀nyí, wáyà tín-ín-rín kan wà tí wọ́n wé mọ́ ìsàlẹ̀ ibi tó ń tàn. Tí gílóòbù bá jó, wáyà yìí ló ń gba iná kọjá kí àwọn tó kù má bàa kú. Nítorí náà gílóòbù tó jó kò sábà pa gbogbo ìlà. Àmọ́ bí ẹ bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, àwọn yòókù á máa gba ju iye tó tọ́ sí wọn lọ, wọ́n á máa gbóná, àwọn náà á sì tètè jó. Ohun tó ń pa ìlà lódindi ni gílóòbù tó yọ díẹ̀ nínú ihò ẹ̀, tàbí tí ẹsẹ̀ ẹ̀ kan ti já.

Mo yọ pílọ́ọ̀gì kúrò lára ògiri, mo jókòó sílẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fà wọ́n yọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Àtàǹpàkò mi pupa. Ìsàlẹ̀ gílóòbù kọ̀ọ̀kan ní ike kékeré, wáyà méjì tó tín-ín-rín bí irun sì gba inú ike náà jáde, wọ́n ká wọn sókè sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti òsì. Àwọn wáyà yẹn ló ń kan bàbà inú ihò. Ọmọ mi obìnrin ń gba èyí tí mo bá yọ, ó ń gbé e síbi ìmọ́lẹ̀ fèrèsé. Òun ló rí i. “Mọ́mì, ẹ wò ó, èyí ò ní ẹsẹ̀ kan!” Lóòótọ́, ẹsẹ̀ kan ti jẹrà, ó ku ìpẹ́pẹ́ aláwọ̀ ewé tó lẹ̀ mọ́ ike. Ọ̀rinrin ló dé ibi tí a kó o pa mọ́ sí.

Ẹ tún gbọ́ ìyà míì. Gílóòbù tí mo ní kí wọ́n bá mi rà dé, 6 fólítì ni, ike ìdí ẹ̀ sì tóbi ju ihò lọ. Kò sẹ́ni tó bi wá pé èwo là ń lò, wọ́n kàn mú èyí tó wà nílẹ̀. Nísàlẹ̀ páálí àtijọ́, lábẹ́ ìràwọ̀, ni a ti padà rí ọ̀rá kékeré tó bá iná náà wá, tí gílóòbù àfikún wà nínú ẹ̀. Ẹ má sọ ọ̀rá yẹn nù láé. Mo bọ́ gílóòbù kúrò nínú ike tuntun, mo kì í bọ ike àtijọ́, mo ká ẹsẹ̀ méjèèjì sókè, mo tì í wọlé. Ó ní kà.

Nígbà tí mo tan iná, gbogbo ẹ̀ tàn. Igbe tí àwọn ọmọ ké! Bàbá wọn ti yàrá sáré jáde. Ní 1882, ní New York, Edward Johnson tó ń bá Thomas Edison ṣiṣẹ́ ló kọ́kọ́ to gílóòbù iná mànàmáná sára igi Kérésì nílé ẹ̀, 80 ni wọ́n, ọwọ́ ni wọ́n fi so wáyà wọn. Inú mi dùn pé èmi náà fọwọ́ ara mi tún ti ilé mi ṣe, mi ò gbé e fún ẹnikẹ́ni.

Bọ́ọ̀lù, ríbọ́ọ̀nù, òdòdó tí à ń fi kọ́ ẹnu ọ̀nà, ìyẹn ti parí kí wọ́n tó lọ sùn. Màmá ọkọ mi gan-an jókòó tì í, wọ́n ní ó dáa, àmọ́ ó yá jù.

Ohun tí mo ń ṣe báyìí nìyí. Ọjọ́ tí igi ń wolẹ̀ ni mo ń ra iná tí mo bá nílò, nígbà tí àwọn ọlọ́jà ń wá bí wọ́n ṣe máa palẹ̀ mọ́. Tó bá ṣeé ṣe, ẹ ra ti LED, kì í fi bẹ́ẹ̀ gbóná, iná tó ń jẹ sì kéré gan-an. Lẹ́yìn ọjọ́ kẹfà oṣù Kìn-ín-ní, n kì í ká iná jọ láìtàn án wò. Ara pátákó páálí ni mo ń ká a sí kó má lọ́ mọ́ra, mo ń lẹ ọ̀rá gílóòbù mọ́ pílọ́ọ̀gì, mo sì ń kọ iye fólítì sára pátákó náà. Ike tó ní ìdérí ni mo ń kó gbogbo ẹ̀ sí, n kì í gbé e sílẹ̀ẹ́lẹ̀ mọ́. Lẹ́yìn náà, mo tún ń tú u wò ní àárín oṣù Kẹwàá, torí ọ̀rinrin kì í sọ fún ẹnì kan. Ní 2026, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù Kọkànlá ni Sọ́ńdè àkọ́kọ́ nínú Ádífẹ́ntì. Ẹni tó bá tú páálí ẹ̀ wò ní oṣù Kẹwàá ọdún náà ní ju ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lọ láti wá gílóòbù kan ṣoṣo.