Bí wọ́n bá mú yín fún eré àsápajúdé lórí alùpùpù: àwọn àṣìṣe tó ń sọ tíkẹ́ẹ̀tì di ọ̀ràn

Ẹni tó fi kìlómítà mẹ́wàá kọjá iye tó wà lójú pátákó á san owó ìtanràn, ọ̀rọ̀ á sì tán níbẹ̀. Ẹni tó fi àádọ́ta kọjá rẹ̀ ti bọ́ sínú nǹkan mìíràn, nítorí òfin kò ka tirẹ̀ sí ìgbàgbé mọ́. Alùpùpù sì tètè ń gbé èèyàn débẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn alágbára inú wọn ń ti ìdúró dé 100 kìlómítà ní wákàtí kan láàárín ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin péré. Ohun tó ń dùn mí ni pé, lọ́pọ̀ ìgbà, eré yẹn gan-an kọ́ ló ń ba ayé ẹni tí wọ́n mú jẹ́. Ohun tó ṣe lẹ́yìn tí iná ọlọ́pàá tàn lẹ́yìn rẹ̀ ni.

Lójú títì

Kò sí àṣìṣe tó burú tó kí ẹ sá. Alùpùpù fúyẹ́, ó ń gba àárín ọkọ̀ kọjá, ọkàn sì máa ń sọ fún èèyàn pé wọn ò lè bá òun. Ẹ má dá a lóhùn. Sísá fún ọlọ́pàá jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀tọ̀ tó ń mú ẹ̀wọ̀n dání ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀, rédíò wọn sì ń dé iwájú kí ẹ tó débẹ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, àwọn kan ti kú síbi tí wọ́n ti ń sá fún tíkẹ́ẹ̀tì tí owó lásán ì bá parí.

Ẹ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì níbi tí kò léwu, ẹ pa ẹ́ńjìnì, ẹ ṣí ojú àṣíborí yín kí ọlọ́pàá lè rí yín, kí ẹ sì jẹ́ kí ọwọ́ yín méjèèjì hàn. Bí ìwé yín bá wà nínú àpò jákẹ́ẹ̀tì, ẹ kọ́kọ́ sọ fún un kí ẹ tó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́.

Lẹ́yìn náà ni ìbéèrè tó ń dẹ ọ̀pọ̀ èèyàn mú máa ń dé: “Ṣé ẹ mọ ìdí tí mo fi dá yín dúró?” Ẹni tí ara rẹ̀ ń gbọ̀n á ní, “Mo mọ̀, mo ti lé ní 140.” Ó rò pé òótọ́ yóò rọ ọlọ́pàá lójú. Ó ṣeé ṣe kí ó rọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n ọlọ́pàá ti kọ gbólóhùn yẹn sílẹ̀, wọn yóò sì kà á ní kóòtù. Ẹyin lohùn. Orúkọ yín, ìwé àṣẹ ìwakọ̀ yín àti ìwé alùpùpù ni kí ẹ fún un, pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Bí ó bá béèrè iye tí ẹ ń sá, ẹ lè fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ sọ pé ẹ kò fẹ́ dáhùn ìyẹn. Dídákẹ́ yàtọ̀ sí irọ́ pípa o. Irọ́ ni kí ẹ yàgò fún pátápátá, mo ń bọ̀ wá síbẹ̀.

Ẹ má sì bá a jiyàn lójú títì. “Àwọn tó kù náà ń sáré” kò tíì gba ẹnikẹ́ni sílẹ̀.

Sísan owó kíákíá kí ọ̀rọ̀ lè tán

Èyí ló ń mú àwọn èèyàn rere jù, àwọn tí kò fẹ́ wàhálà. Wọ́n rí iye owó lórí tíkẹ́ẹ̀tì, wọ́n rí i pé apá àwọn ká a, wọ́n san. Wọn ò mọ̀ pé ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà, sísan owó náà túmọ̀ sí pé ẹ ti gbà pé ẹ jẹ̀bi. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá: láísẹ́ǹsì yín, owó ìnṣọ́ránsì tí yóò ga fún ọdún mélòó kan, àti àkọsílẹ̀ tí agbanisíṣẹ́ lè rí, gbogbo wọn tóbi ju owó ìtanràn lọ.

Ẹ wo bí òfin ṣe yàtọ̀ láti ibì kan sí ibòmíràn. Ní Virginia, ọ̀kan nínú àwọn ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà, ẹni tó bá kọjá máìlì 85 ní wákàtí kan, tàbí tó fi 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kọjá iye tí wọ́n fàṣẹ sí, wọ́n lè fi ẹ̀sùn ìwàkuwà kàn án. Ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀daràn ni, ó lè mú ẹ̀wọ̀n tó tó oṣù 12 àti owó ìtanràn tó tó 2,500 dọ́là wá. Ní Ontario ní Kánádà, bí ẹ bá fi 40 kìlómítà kọjá níbi tí iye náà kò tó 80, tàbí 50 níbi tó ti jẹ́ 80 sókè, ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n ń gba láísẹ́ǹsì fún ọjọ́ 30, wọ́n á sì gbé alùpùpù lọ fún ọjọ́ 14. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tó ní póìǹtì 12, ìyẹn àmì ẹ̀ṣẹ̀ ojú títì tí wọ́n ń kọ sí àkọsílẹ̀ láísẹ́ǹsì, láàárín ọdún mẹ́ta lè pàdánù ẹ̀tọ́ láti wakọ̀ fún oṣù mẹ́fà, ó kéré tán. Ti ẹni tí kò tíì pé ọdún méjì tó gba láísẹ́ǹsì le jù bẹ́ẹ̀, póìǹtì mẹ́fà ti tó láti gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Nítorí náà, ìmọ̀ràn ọ̀rẹ́ tó ń gbé ní ilẹ̀ mìíràn lè pa yín lára. Agbẹjọ́rò tó mọ kóòtù ibi tí wọ́n ti mú yín gan-an ni kí ẹ wá, kí ẹ sì wá a ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Èyí tí ẹ bá pè ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ìgbẹ́jọ́ kò ní rí àyè béèrè ẹ̀rí kankan.

Fífi orúkọ ẹlòmíràn sílẹ̀

Àṣíborí máa ń tan èèyàn níbí. Kámẹ́rà tó ń ṣọ́ eré lójú títì ya fọ́tò, ojú kò hàn, èrò sì wá pé kí ìyàwó tàbí àbúrò gba póìǹtì náà. Chris Huhne, tó ti jẹ́ mínísítà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀ nígbà náà, Vicky Pryce, lórí tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ tó gbà ní 2003. Ní 2013, ilé ẹjọ́ rán àwọn méjèèjì lọ sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́jọ mẹ́jọ. Póìǹtì díẹ̀ ni wọ́n ń sá fún.

Dídákẹ́ sí lẹ́tà ọlọ́pàá kò sàn jù. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọjọ́ 28 ni ẹni tó ni ọkọ̀ ní láti sọ ẹni tó ń wà á, bí kò bá sì sọ ọ́, póìǹtì mẹ́fà ló ń dúró dè é, ìlọ́po méjì póìǹtì mẹ́ta tí eré sísá kékeré ń mú wá. Ní Jámánì, wọ́n gbọ́dọ̀ mọ ẹni tó wà lórí alùpùpù kí wọ́n tó lè jẹ ẹ́ níyà, ṣùgbọ́n bí wọn ò bá rí i mọ̀, wọ́n lè pàṣẹ pé kí ẹni tó ni ín máa kọ gbogbo ìrìn alùpùpù náà sínú ìwé.

Gbígbẹ́kẹ̀lé ẹ̀rí tí kò ní ẹsẹ̀

“Aago eré mi kò sọ bẹ́ẹ̀.” Mo mọ̀ pé òótọ́ ni ọ̀pọ̀ ń sọ. Ṣùgbọ́n ìlànà àgbáyé tí Yúróòpù àti ọ̀pọ̀ ilẹ̀ ń tẹ̀lé sọ pé aago eré kò gbọdọ̀ fi iye tó kéré sí ti gidi hàn. Ó lè fi èyí tó pọ̀ jù ú lọ díẹ̀ hàn. Nítorí náà, bí alùpùpù bá wà bí wọ́n ṣe ṣe é, ọ̀rọ̀ yẹn ń ta ko yín ni. Bí ẹ bá ti pààrọ̀ irin eléyín tí ṣéènì ń yí lé, ìyẹn sprocket, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Nínú ọ̀pọ̀ alùpùpù, ibi tí agbára ti ń jáde láti inú gíà ni wọ́n ti ń ka eré. Bí ti iwájú bá wá tóbi sí i, tàbí ti ẹ̀yìn kéré sí i, aago yóò máa ka iye tó kéré sí èyí tí táyà ń sá. Ẹ jẹ́ kí onímọ̀ wọ̀n ọ́n, kí ó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ó lè má dá yín láre, nítorí níbi púpọ̀ òfin kò béèrè bóyá ẹ mọ̀ọ́mọ̀, ṣùgbọ́n adájọ́ lè rò ó mọ́ ìyà tó fẹ́ fi jẹ yín.

Ẹ̀rọ tí wọ́n fi mú yín ló yẹ kí ẹ wádìí jù. Ìtànṣán rédà, ẹ̀rọ tó ń wọn eré láti òkèèrè, ń gbòòrò bó ṣe ń jìnnà, alùpùpù sì kéré lójú rẹ̀. Bí ọkọ̀ akẹ́rù bá wà nítòsí, ti akẹ́rù ló ń padà wá pẹ̀lú agbára jù. Ti lésà, ẹ̀rọ tó ń fi ìmọ́lẹ̀ wọn eré, tẹ́ẹ́rẹ́, ìbéèrè tirẹ̀ ni ibi tí ọlọ́pàá dojú rẹ̀ kọ lára yín. Ẹ jẹ́ kí agbẹjọ́rò béèrè irú ẹ̀rọ náà, ọjọ́ tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́yìn, àti bóyá ẹni tó lò ó gba ẹ̀kọ́ lórí rẹ̀. Sísọ lásán pé “ẹ̀rọ lè ṣì” kò ṣe nǹkan kan. Ẹ padà síbi tí wọ́n ti mú yín ní ọjọ́ kejì, ẹ ya fọ́tò àwọn pátákó kí ewé tó bò wọ́n tàbí kí wọ́n tó pààrọ̀ wọn, ẹ sì kọ bí títì, ojú ọjọ́ àti àwọn ọkọ̀ tó wà nítòsí ṣe rí nígbà tí ẹ ṣì rántí.

Fídíò tó wà nínú kámẹ́rà àṣíborí ńkọ́? Ẹ má fi sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ má sì pa á rẹ́, nítorí pípa ẹ̀rí rẹ́ lè di ẹ̀ṣẹ̀ mìíràn. Agbẹjọ́rò nìkan ni kí ẹ fi hàn.

Ọjọ́ ẹjọ́

Ẹni tí kò yọjú lè gbọ́ pé wọ́n ti dá a lẹ́bi lẹ́yìn rẹ̀, tàbí pé àṣẹ ti jáde láti mú un. Bí ẹ kò bá lè wá, ẹ kọ̀wé ṣáájú. Bí nọ́ńbà alùpùpù yín bá tẹ̀ sókè débi pé kò ṣeé kà, ẹ tún un ṣe kí ọjọ́ náà tó pé. Bí agbẹjọ́rò bá ní kí ẹ lọ gba ẹ̀kọ́ gígun alùpùpù láìléwu, ẹ lọ kí ìgbẹ́jọ́ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì mú ìwé ẹ̀rí rẹ̀ dání. Bí wọ́n bá sì ti gba láísẹ́ǹsì yín, kí ẹlòmíràn gbé yín lọ sí kóòtù. Ọlọ́pàá tó mú yín lè wà níbi ìgbọ́kọ̀sí, ó sì mọ alùpùpù yẹn dáadáa.