Bí ẹ ṣe lè wọ inú ayé The Legend of Zelda: ojú, etí, kí ìtàn tó dé

Ọ̀pọ̀ ẹni tó bá ní òun fẹ́ mọ ìtàn Zelda, ọ̀wọ́ géèmù fídíò tí Nintendo ń ṣe, orí YouTube ló máa ń sáré lọ. Á wo fídíò gígùn kan tó to gbogbo géèmù náà sórí ìlà, á há orúkọ ọba àti orúkọ iwin sórí, nígbà tó bá wá gbé géèmù gan-an sọ́wọ́, ó ti sú u. Mo ti rí i lára àwọn àbúrò àti ọ̀rẹ́ tó pọ̀. Ẹ má ṣe é bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ fi ojú wo ilẹ̀, ẹ fi etí gbọ́ orin, kí ẹ tó wá ìtàn lọ.

Ẹ̀rọ kì í ṣe ìṣòro. Nintendo Switch àlòkù ti tó. Tí owó kò bá ká a, 3DS àlòkù, ẹ̀rọ géèmù kékeré tí Nintendo ṣe fún àfọwọ́mú, dára: Ocarina of Time àti Majora's Mask wà fún un, ó sì ní bátìrì tirẹ̀, ẹni tó bá mú iná lọ kò ní mú eré yín lọ. Ẹ rí i pé kásẹ́ẹ̀tì géèmù bá a wá kí ẹ tó sanwó, torí láti 2023 ni Nintendo ti ti ọjà orí íntánẹ́ẹ̀tì 3DS pa, ẹ ò lè ra nǹkan kan níbẹ̀ mọ́. Íàpíìsì oníwáyà ni kí ẹ lò. Ẹ tún ra ìwé nóòtù kan àti pẹ́ńsù. Fóònù kò lè rọ́pò rẹ̀, torí ẹ máa ya máàpù fúnra yín.

Ojú ni kó ṣáájú

Ẹni tó ń sanwó Nintendo Switch Online máa rí géèmù àkọ́kọ́, ti 1986, níbẹ̀. Ẹ ṣí i. Ọmọ kékeré aláwọ̀ ewé kan tó ń jẹ́ Link dúró láàárín pápá, ẹnikẹ́ni kò bá a sọ̀rọ̀. Ọ̀nà wà lápá òsì, ó wà lápá ọ̀tún, ó wà lókè, ẹnu ihò dúdú kan sì wà lára àpáta. Inú ihò yẹn ni bàbá arúgbó kan ti ń dúró láàárín iná méjì, òun ló máa fún yín ní idà. Ẹ lè kọjá lọ láìwọ ibẹ̀, ẹ ó sì máa rìn láìní ohun ìjà. Shigeru Miyamoto, tó ṣe é pẹ̀lú Takashi Tezuka, dàgbà ní Sonobe nítòsí Kyoto, ní Japan, níbi tó ti ń ṣàwárí igbó àti ihò nígbà èwe rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí géèmù náà fi fi yín sílẹ̀ kí ẹ wá ọ̀nà fúnra yín.

Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sí Breath of the Wild (2017). Àwọn tó ṣe é ṣàlàyé pé ìrísí onígun mẹ́ta ni wọ́n fi to òkè àti ilẹ̀ rẹ̀: òkè onígun mẹ́ta máa ń bo ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ẹ ó sì pinnu bóyá kí ẹ gùn ún tàbí kí ẹ yí i ká. Ẹ dúró lójú kan lórí Great Plateau, ilẹ̀ gíga tí géèmù náà ti bẹ̀rẹ̀, ẹ ya ohun tí ẹ rí. Ẹ yí òkè kan ká, ẹ tún yà á. Ohun tó yọ lójijì láàárín àwòrán méjèèjì ni wọ́n fẹ́ kí ẹ tọ̀ lọ.

Etí

Koji Kondo ló ṣe orin ìpìlẹ̀. Boléro tí Ravel kọ ló fẹ́ lò fún ìbẹ̀rẹ̀ géèmù 1986, àmọ́ nígbà tí iṣẹ́ fẹ́ parí ni wọ́n rí i pé òfin ṣì ń dáàbò bo orin náà. Ni Kondo bá fi òru kan ṣe èyí tí gbogbo ayé fi mọ Zelda dòní.

Ocarina of Time (1998) ni kí ẹ ti kọ́ orin. Ohùn márùn-ún péré ni ẹ nílò lórí fèrè Link. Ẹni tó bá ti wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì rí kò ní wàhálà: ẹ fi C ṣe doh, àwọn ohùn náà á jẹ́ re, fa, la, ti, àti re òkè. Orin Zelda ni ti, re òkè, la, lẹ́ẹ̀mejì. Orin Saria, ọ̀rẹ́ Link, ni fa, la, ti, lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ fi ẹnu kọ ọ́ kí ẹ tó tẹ bọ́tìnì. Tí ẹ ò bá ní dùùrù, áàpù dùùrù ọ̀fẹ́ orí fóònù tó.

Tí ẹ bá dé Lost Woods, ẹ má wo máàpù ẹnikẹ́ni. Ọ̀nà inú igbó yẹn jọra wọn. Ẹ sún mọ́ ẹnu ọ̀kọ̀ọ̀kan kí ẹ tẹ́tí: ibi tí orin Saria bá ti ń ròkè ni kí ẹ gbà. Ẹni tó bá pa ohùn géèmù, tó ń gbọ́ orin mìíràn, á máa yípo síbẹ̀ ni.

Ballad of the Goddess inú Skyward Sword, orin Zelda yẹn náà ni, láti ẹ̀yìn wá síwájú. Ẹ sì wọ Temple of Time tó ti wó nínú Breath of the Wild, kí ẹ dúró láìṣe ohunkóhun. Song of Time, orin mìíràn inú Ocarina of Time, ni dùùrù ń lù níbẹ̀, la, re, fa, àmọ́ wọ́n fà á gùn débi pé ẹni tó ń kánjú kò ní mọ̀ ọ́n.

Ìlà ìtàn: ẹ rọra o

Ibí yìí ni wọ́n ti máa ń bà á jẹ́. Àkọ́kọ́, Zelda kọ́ ni ọmọkùnrin onídà yẹn. Zelda ni ọmọ ọba, Link ni onídà. Èkejì, Link kì í ṣe ẹnì kan ṣoṣo. Link inú géèmù 1986 kọ́ ni ti 2017, bẹ́ẹ̀ náà ni Zelda. Ẹni tó bá dà wọ́n pọ̀ mọ́ra, kò sí ohun tó máa yé e lẹ́yìn ìyẹn.

Ìwé kan tí Nintendo fọwọ́ sí jáde ní Japan ní 2011, Hyrule Historia, tó to àwọn géèmù náà. Hyrule ni ìjọba inú ìtàn náà. Ó ní ìtàn pín sí mẹ́ta lẹ́yìn Ocarina of Time. Ní ẹ̀ka kan, Ganon, ọ̀tá Link, borí rẹ̀, ibẹ̀ ni A Link to the Past (1991) àti géèmù 1986 wà. Ní èkejì, Link padà sí ìgbà èwe rẹ̀, Majora's Mask àti Twilight Princess sì tẹ̀ lé e. Ní ẹ̀kẹta, Link ti lọ, Ganon padà, kò sí akọni tó dìde, omi bo Hyrule, The Wind Waker sì bẹ̀rẹ̀ lórí òkun náà.

Ọdún 25 ló wà láàárín géèmù àkọ́kọ́ àti ìwé yìí. Nítorí náà, ẹ má fi ìlà náà ṣe ẹnu ọ̀nà. Skyward Sword ló ṣáájú nínú ìtàn, 2011 ló sì jáde. Àwọn tó fi í bẹ̀rẹ̀ torí pé “òun ni àkọ́kọ́” kì í mọ ohun tí orin tí wọ́n yí padà yẹn ń sọ, torí wọn ò tíì gbọ́ èyí tí wọ́n yí.

Ohun tí mo ń ṣe nìyí, kí ẹ̀yin náà ṣe é: ẹ pín ojú ìwé nóòtù sí mẹ́ta. Apá kìíní fún ohun tí géèmù fúnra rẹ̀ sọ tàbí tí ẹ fi ojú ara yín rí nínú rẹ̀. Igi Deku, igi ńlá tó ń sọ̀rọ̀ nínú Ocarina of Time, sọ fún Link pé òrìṣà obìnrin mẹ́ta, Din, Nayru àti Farore, ló dá ayé, wọ́n sì fi Triforce, onígun mẹ́ta wúrà tó ní agbára, sílẹ̀: apá kìíní. Ààfin tó wà lábẹ́ òkun nínú The Wind Waker: apá kìíní, ẹ wọ inú rẹ̀. Apá kejì fún ohun tí ìwé sọ. Apá kẹta fún àròsọ, tiyín àti ti ẹlòmíràn. Fídíò YouTube, bó ti wù kí èèyàn tó wò ó pọ̀ tó, apá kẹta ni. Ẹ má jẹ́ kí gbólóhùn kankan fo láti apá kẹta sí ìkíní. Mo ti rí ẹni tó ń jiyàn kíkankíkan lórí ohun tí kò sí nínú géèmù kankan, torí kò kọ ibi tó ti gbọ́ ọ sílẹ̀.

Tí Ocarina bá tán, Majora's Mask (2000) ló kàn, kì í ṣe òmíràn. Ọjọ́ mẹ́ta ni òṣùpá fi máa já lu ìlú, Song of Time ló sì ń dá yín padà sí ọjọ́ kìíní. Gbàrà tí fèrè bá ti padà sọ́wọ́ yín, ẹ fun orin náà láti ẹ̀yìn, fa, re, la, lẹ́ẹ̀mejì. Àkókò á máa rọra rìn, ẹ ó sì ráyè tẹ̀ lé ará Clock Town, ìlú náà, kọ̀ọ̀kan láti òwúrọ̀ títí di alẹ́. Ẹ ya ojú ìwé kan sọ́tọ̀ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn, kí ẹ kọ wákàtí sí ẹ̀gbẹ́.