Bí a ṣe lè kọ́ ọmọdé láti fi àríwá, gúúsù, ìlà-oòrùn àti ìwọ̀-oòrùn júwe ibi tí nǹkan wà àti ibi tí ó ń lọ

Ọmọdé tí ó bá ti mọ ọwọ́ ọ̀tún yàtọ̀ sí ọwọ́ òsì ti dàgbà tó ẹni tí a lè kọ́ ní apá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ayé. Orúkọ wọn kọ́ ni ìṣòro, nítorí pé orúkọ mẹ́rin kò ṣòro fún ọmọ láti há sórí. Ibi tí ó ti máa ń dojú rú ni pé ọ̀tún àti òsì máa ń bá ara ọmọ yí: ohun tí ó wà ní ọ̀tún rẹ̀ nísinsìnyí yóò bọ́ sí òsì rẹ̀ bí ó bá yíjú padà sẹ́yìn, ṣùgbọ́n àríwá kì í kúrò ní ipò rẹ̀, ìbáà jẹ́ pé ọmọ náà jókòó, ó dìde, tàbí ó ń sáré kiri. Ohun tí a fẹ́ kí ó fi ara rẹ̀ mọ̀ nìyẹn, kí ó tó di pé a ní kí ó fi ẹnu sọ ọ́.

Nítorí náà, ìta gbangba ni ó yẹ kí ẹ̀kọ́ yìí ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe inú ìwé. Ní òwúrọ̀, ẹ jẹ́ kí ọmọ kọjú sí apá ibi tí oòrùn ti yọ, kí ó sì na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́. Ìlà-oòrùn wà níwájú rẹ̀, ìwọ̀-oòrùn wà lẹ́yìn rẹ̀, ọwọ́ òsì rẹ̀ ń tọ́ka sí àríwá, ti ọ̀tún sì ń tọ́ka sí gúúsù. Ẹ kìlọ̀ fún un kí ó má ṣe tẹjú mọ́ oòrùn, nítorí pé ó lè ba ojú jẹ́. Lẹ́yìn èyí, ẹ wá ohun tí kì í ṣípò ní apá kọ̀ọ̀kan, bí igi ńlá, ògiri tàbí òpó iná, kí ọmọ lè máa fi ṣe àmì nígbà tí ìkùukùu bá bo oòrùn.

Ó yẹ kí ẹni tí ń kọ́ni mọ̀ pé ẹ̀ẹ̀mejì péré lọ́dún, ní nǹkan bí ọjọ́ 20 oṣù kẹta àti ọjọ́ 22 tàbí 23 oṣù kẹsàn-án, ni oòrùn máa ń yọ ní ojú ìlà-oòrùn gan-an. Ní àwọn ọjọ́ yòókù, ó máa ń yà sí àríwá tàbí sí gúúsù, bí ibi tí ènìyàn wà bá sì ṣe jìnnà sí agbedeméjì ayé tó ni yíyà náà ṣe ń pọ̀ tó. Kò pọn dandan kí a fi èyí dí ọmọ kékeré lọ́wọ́. Bí ẹ bá fẹ́ ohun tí ó péye jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ ri igi tí ó gún kan mọ́ ilẹ̀ tí ó tẹ́jú nígbà tí ọ̀sán bá ti ń kanrí, kí ẹ fi òkúta sí ibi tí orí òjìji rẹ̀ dé, kí ẹ dúró fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú, kí ẹ sì fi òkúta kejì sí ibi tí orí òjìji náà ṣí lọ. Bí oòrùn ti ń lọ sí ìwọ̀-oòrùn ni òjìji ń sún sí òdìkejì, nítorí náà ìlà láti òkúta kìíní sí èkejì kọrí sí ìlà-oòrùn. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ kọ́kọ́ sọ ibi tí wọ́n rò pé òjìji yóò ṣí lọ. Ariyanjiyan wọn wúlò ju àlàyé wa lọ.

Lẹ́yìn èyí ni kọ́ńpáàsì tó kàn. Ẹ gbé e sí ibi tí ó tẹ́jú, kí ó jìnnà sí irin, òòfà àti fóònù, nítorí pé òòfà ni abẹ́rẹ́ rẹ̀, ohun wọ̀nyí sì lè fà á kúrò ní ọ̀nà. Ẹ fi hàn án pé abẹ́rẹ́ kò sọ ibi tí ó yẹ kí òun máa lọ, ibi tí àríwá wà nìkan ni ó ń sọ.

Iṣẹ́ tí ó gba sùúrù jù ni ti júwe ipò. Bí ọmọ bá wí pé “ìwé wà ní àríwá,” ẹ bi í pé, “ní àríwá kí ni?” Ohun méjì ni gbólóhùn bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ ní: èyí tí a ń wá, àti èyí tí a ti ń wò ó. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì fa àpótí mẹ́rìndínlógún sílẹ̀, mẹ́rin ní ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ kọ orúkọ apá kọ̀ọ̀kan sí etí rẹ̀ bí ó ti rí gan-an níta, kí ẹ sì to ìwé, ife àti bàtà sínú wọn. Ìwé wà ní àríwá ife; níbo wá ni ife wà sí ìwé? Ọ̀pọ̀ ọmọ yóò tún dáhùn pé “àríwá,” nítorí pé ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́. Ẹ má ṣe kánjú tún un ṣe fún un. Ẹ ní kí ó lọ dúró lórí ìwé, kí ó sì nawọ́ sí ife. Nígbà tí èyí bá ti mọ́ ọn lára, ẹ ní kí ó bọ́ sí òdìkejì àpótí, kí ó sì tún dáhùn ìbéèrè kan náà. Ohun tí ó wà ní ọ̀tún rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ti bọ́ sí òsì, ṣùgbọ́n ìdáhùn kò yí padà. Àwọn ènìyàn Guugu Yimithirr ní Ọsirélíà tilẹ̀ máa ń lo irú ọ̀rọ̀ yìí fún ohun tí ó wà nítòsí wọn, níbi tí ẹlòmíràn yóò ti sọ ọ̀tún tàbí òsì.

Nínú júwe ìrìn, apá tí a ó lọ àti iye ìṣísẹ̀ ni a gbọ́dọ̀ sọ pọ̀: “Rin ìṣísẹ̀ mẹ́ta sí àríwá, kí o sì rin méjì sí ìlà-oòrùn.” Kí ọmọ kan máa pàṣẹ, kí èkejì máa rìn, kí ẹ̀kẹta sì sọ bí a ó ṣe padà sí ibi tí a ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ tún dán èyí wò: ọmọ kọjú sí àríwá, ṣùgbọ́n ó ń fi ẹ̀yìn rìn. Gúúsù ni ó ń lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àríwá ni ojú rẹ̀ wà. Ìyàtọ̀ láàárín ibi tí a kọjú sí àti ibi tí a ń lọ ni èyí fi ń yé wọn.

Àríwá ìlà-oòrùn àti àwọn mẹ́ta ẹgbẹ́ rẹ̀ lè dúró títí mẹ́rin àkọ́kọ́ yóò fi já gaara. Bákan náà ni ti máàpù: ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀, kí ẹ sì yí i títí àríwá rẹ̀ yóò fi kọjú sí àríwá níta. Bí ó bá jẹ́ pé ara ògiri ni ọmọ ti kọ́kọ́ rí i, yóò máa nawọ́ sókè bí ẹ bá bi í pé níbo ni àríwá wà.

Láti mọ̀ bóyá ó ti yé e, ẹ mú un lọ sí yàrá tí ẹ kò tíì lò rí, kí ẹ sì ní kí ó júwe ọ̀nà dé ẹnu ilẹ̀kùn. Ọmọ tí ó bá kọ́kọ́ wá oòrùn tàbí kọ́ńpáàsì ti mọ̀ ọ́n. Èyí tí ó bá nawọ́ bí ó ti máa ń ṣe ní yàrá àtijọ́ ni kí ẹ tún mú jáde síta ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì.