Ẹ Yọ Táyà Mọ́tò Ọmọdé Kí Ẹ Tó Dà Á Nù

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ọlidé ti dé, àwọn ọmọ ò ní jẹ́ ká sinmi. Kí ẹ tó kó mọ́tò oníke tó ti fọ́ lọ sí ààtàn, ẹ yọ táyà rẹ̀, ká fi ṣe mọ́tò tuntun fún wọn.

Ẹ mú ike mínírà tó ṣófo, igi ṣùyà méjì àti sítírọ́ò kan. Ẹ gé sítírọ́ò sí méjì, kí ẹ fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ wọ́n mọ́ abẹ́ ike, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn. Ẹ ki igi ṣùyà gba inú sítírọ́ò, kí ẹ gé ẹnu rẹ̀ tó mú, kí ẹ wá fi táyà sí i lọ́tùn-ún lósì. Gọ́ọ̀mù ò gbọdọ̀ kan igi yẹn níbi tó ti gba inú sítírọ́ò! Tí igi ò bá yí, ẹ ó kàn máa wọ́ mọ́tò nílẹ̀ bí ẹni wọ́ ewúrẹ́ lọ ọjà ni.

Bèbí tí irun rẹ̀ ti tán ńkọ́? Àjákù àǹkárá ni kí ẹ fi wé gèlè fún un. Ẹ tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ aránṣọ yín. Ní Adó-Èkìtì níbí, gbígbá ni wọ́n ń gbá a dànù.

Àwọn ohun ìṣeré tó ń kọrin, ẹ tètè yọ bátìrì pẹlẹbẹ kékeré inú wọn. Bí ọmọ bá gbé e mì, ó lè jó ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ láàárín wákàtí 2. Ẹ má fún un ní nǹkan tí yóò fi bì, ilé ìwòsàn ni kí ẹ sáré gbé e lọ.

Ẹni tó bá ń wá táyà, mo ní díẹ̀ nílẹ̀ ní Ajílósùn.