Nígbà tí “run” kì í ṣe sísá: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń yọ àwọn atúmọ̀ lẹ́nu

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ń túmọ̀ ìtàn ìgbésí ayé obìnrin kan láti Gẹ̀ẹ́sì sí Yorùbá. Wọ́n kọ ọ́ níbẹ̀ pé “She ran the company for ten years.” Mo kọ “Ó sá ilé-iṣẹ́ náà fún ọdún mẹ́wàá.” Ẹni tó bá mi yẹ iṣẹ́ náà wò bi mí pé ta ló ń lé obìnrin náà. Níbo ni mo ti ṣì í?

Ìdáhùn: Ìtumọ̀ tí wọ́n kọ́kọ́ fi kọ́ gbogbo wa ni ẹ gbé síbẹ̀. “Run” ni sáré: a ti há a sórí láti kékeré, òun náà ló sì máa ń kọ́kọ́ sáré wá sí ọkàn. Ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń fi ẹsẹ̀ sá. Ohun tí wọ́n ń wí ni pé obìnrin yẹn ló darí ilé-iṣẹ́ náà, òun ló ń ṣe kòkáárí rẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá.

Ẹ má jẹ́ kí ó dùn yín jù. Nígbà tí àwọn tó ń ṣe ìwé atúmọ̀ èdè Oxford English Dictionary tún ọ̀rọ̀ yìí yẹ̀ wò, tí wọ́n sì gbé e jáde ní ọdún 2011, ìlò 645 ni wọ́n rí fún un gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀-ìṣe nìkan. Peter Gilliver ló ṣe iṣẹ́ yẹn, bí oṣù mẹ́sàn-án ló sì lò lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Nínú ìtẹ̀jáde àkọ́kọ́ tí wọ́n parí ní 1928, “set” ló gba àyè jù lọ. “Run” ti wá gba ipò náà báyìí. Kò sí ẹni tó lè há 645 sórí. Èmi kò gbìyànjú rẹ̀ rí, mi ò sì ní kí ẹ gbìyànjú rẹ̀.

Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mo máa ń wo ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì. Kí ló ń “run”? Kí ló sì tẹ̀ lé e? Bí a ti ń ṣe sí “pa” tiwa náà nìyẹn. A ń pa ẹran, a ń pa iná, a ń pa àlọ́, a ń pa aró, a ń pa owó, a ń pa ilẹ̀kùn dé. Kò sí ọmọ Yorùbá tó ń ronú ikú bí ọmọdé bá ní “ẹ pàlọ́ fún mi”, nítorí àlọ́ tó wà níbẹ̀ ti sọ irú “pa” tí ó jẹ́. Ẹ ti mọ iṣẹ́ yìí ṣe nínú èdè yín. Ẹ kàn ń gbé e lọ sínú Gẹ̀ẹ́sì ni.

Ìbéèrè: Kí ló dé tí wọ́n fi ń lo “run” fún omi, fún imú, títí kan aró aṣọ? Ṣé wọ́n ń fi omi wé ẹni tó ní ẹsẹ̀ ni?

Ìdáhùn: Rárá, ìbéèrè yìí sì dùn mọ́ mi púpọ̀. Nínú Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, “rinnan” ni ọ̀rọ̀ yìí, sísáré àti ṣíṣàn ni ó sì jẹ́ pọ̀. Ẹ wo èdè Jámánì tó jẹ́ ìbátan Gẹ̀ẹ́sì: “rennen” ni wọ́n ń pe sísáré, “rinnen” ni ti omi tó ń ṣàn. Àwọn yà á sí méjì, Gẹ̀ẹ́sì fi “run” kan ṣoṣo kó méjèèjì. Nítorí náà, ìṣàn ti wà nínú ọ̀rọ̀ náà látilẹ̀wá, kò yá a lọ́wọ́ ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni.

Bí ẹ bá ti fi èyí sọ́kàn, pé ohun tó ń lọ láìdúró ni “run” ń tọ́ka sí, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó kù á tú fúnra wọn. “The tap is running”: omi ẹ̀rọ ń dà. “His nose is running”: ikun ń dà ní imú rẹ̀. “The colour ran”: aṣọ náà yọ aró. “The river runs north”: odò náà ṣàn lọ sí àríwá. Láti orí odò ni a ti lè dé orí ọ̀nà: “The road runs past the school”, ọ̀nà náà gba ẹ̀gbẹ́ ilé-ìwé kọjá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀nà kò kúrò níbi tó wà. “It runs in the family” náà nìyẹn: ìwà tàbí àìsàn tó ń ti ara òbí bọ́ sí ti ọmọ. Àjogúnbá ni àwa ń pè é.

Ìbéèrè: Kọ̀ǹpútà mi ń kọ “The program is already running.” Mo rò pé ó ń kìlọ̀ pé ó ti ń yára jù.

Ìdáhùn: Kò sí ọ̀rọ̀ ìyára níbẹ̀ rárá. Ó ń sọ pé ẹ ti ṣí i tẹ́lẹ̀, ó ṣì ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, ẹ kò ní láti tún un ṣí. Bí ẹ bá rí “Run” lórí bọ́tìnì, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ kí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ni. “Run a test” sì ni kí ẹ ṣe àyẹ̀wò.

Ìbéèrè: Ibi tó ti ń dà mí rú jù ni ìgbà tí ọ̀rọ̀ kékeré bá tẹ̀ lé e: “run out”, “run into”, “run over”. Mo kọ “A sá jáde nínú àkókò” fún “We ran out of time.” Mo mọ̀ pé kò dára, mi ò sì mọ èyí tó dára.

Ìdáhùn: Ẹ má túmọ̀ “run” lọ́tọ̀, kí ẹ wá túmọ̀ “out” lọ́tọ̀. Ọ̀rọ̀ kan ni wọ́n. “Run out” ni tán. Àkókò tán mọ́ wa lọ́wọ́.

Ẹ kíyè sí ìyàtọ̀ kan tó ń mú ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe àṣìṣe bí wọ́n bá ń kọ Gẹ̀ẹ́sì. Lọ́dọ̀ wa, owó ló ń tán. Ènìyàn kì í “tán owó”. Gẹ̀ẹ́sì gba méjèèjì: “The money ran out” àti “We ran out of money.” Ìgbà tí ènìyàn bá ṣáájú ni “of” gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Bí owó bá ṣáájú, “of” kò ní iṣẹ́ kankan láti ṣe. Mo ti rí “My money has run out of” lọ́pọ̀ ìgbà, ibi tó sì ti wá nìyí.

“Run into” ní ojú méjì. Bí ó bá jẹ́ ọkọ̀ àti ògiri, ọkọ̀ ló lọ kọlu ògiri. Bí ó bá jẹ́ ènìyàn àti ènìyàn, tí kò sí ìpalára kankan nínú ọ̀rọ̀ náà, wọ́n ṣe kòńgẹ́ ara wọn ni, láìsí àdéhùn. “I ran into my old teacher” kì í ṣe ìròyìn jàǹbá.

“Run over” ló yẹ kí ẹ ṣọ́ra fún jù, nítorí ó lè burú, ó sì lè jẹ́ ohun kékeré. Ọkọ̀ “ran over” ajá: ọkọ̀ tẹ ajá. Ìpàdé “ran over”: ó kọjá àsìkò tí wọ́n dá. Omi inú ife “ran over”: ó kún àkúnwọ́sílẹ̀. “Let us run over the list”: ẹ jẹ́ kí a yẹ orúkọ wọ̀nyẹn wò wéréwéré. Ẹni tó bá gbé ti ajá sí ibi tó yẹ ti ìpàdé á dá ìbẹ̀rù sílẹ̀ níbi tí kò sí.

Ìbéèrè: “I have ran” ni àbí “I have run”?

Ìdáhùn: “I have run.” “Ran” ń dá dúró fún ohun tó ti kọjá: “I ran yesterday.” Bí “have”, “has” tàbí “had” bá ti wà níwájú rẹ̀, ẹ padà sí “run”. “Runned” kò sí.

Ìbéèrè: Ìwé ìròyìn kan ní olóṣèlú kan “is running”, òmíràn ní ó “is standing”. Báwo ni ẹnì kan ṣe lè máa sáré kí ó sì tún dúró?

Ìdáhùn: Ohun kan náà ni wọ́n ń sọ: ó ń du ipò. Àwọn ará Amẹ́ríkà ló ń lo “run for”, “stand for” ni ti àwọn ará Britain láti ìgbà pípẹ́. “Du” tiwa bá méjèèjì mu rẹ́gí.

Ìbéèrè: Ṣé ó máa ń jẹ́ ọ̀rọ̀-orúkọ?

Ìdáhùn: Bẹ́ẹ̀ ni o. “In the long run” ni nígbẹ̀yìn gbẹ́yín. “A run on the bank” ni ìgbà tí ẹ̀rù ba àwọn ènìyàn, tí gbogbo wọn ya lọ gba owó wọn ní báńkì lẹ́ẹ̀kan náà. Nínú eré kíríkẹ́ẹ̀tì, àmì ayò ni. Bí ẹnì kan bá sì sọ pé òun ní “the runs”, ẹ má bi í pé pápá wo ló ti fẹ́ sáré; ìgbẹ́ gbuuru ló ń ṣe é, omi ni kí ẹ bù fún un.

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi tú èyí. Mo ti jókòó tì í láti àárọ̀: “The speaker, who was running a fever, was running late because the road that runs past the dam was closed, his talk ran for two hours and we ran out of time for questions.”

Ìdáhùn: “Olùbánisọ̀rọ̀ náà, tí ara rẹ̀ ń gbóná, pẹ́ kí ó tó dé nítorí pé wọ́n ti dí ọ̀nà tó gba ẹ̀gbẹ́ ìsédò kọjá; wákàtí méjì ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbà, kò sì sí àkókò mọ́ fún ìbéèrè.” Ìgbà márùn-ún ni “run” wà nínú rẹ̀. Mi ò lo “sá” lẹ́ẹ̀kan.